Dádì Tó Ń Ta Gìtá, Tí Kì í Dá Mi Lóhùn

Òórùn àpótí gìtá Dádì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nípa wọn. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú apartment wa ní Balch Springs, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, kò tíì pẹ́ tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Mo jí, mo gbọ́ òórùn kan tó dà bí èéfín sìgá àtijọ́, ó tún dà bí káńfọ̀, ó sì tún dà bí aṣọ tí òjò pa tí ẹnikẹ́ni kò sá. Mo tẹ̀lé e dé pálọ̀. Dádì jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn wọn. Àpótí dúdú gígùn kan ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, fẹlifẹ́ẹ̀tì pupa inú rẹ̀ ti pá káàkiri bí orí arúgbó. Wọ́n ń fi àkísà rírọ̀ nu okùn gìtá bésì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo dojú kọlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọn kò dáhùn. Mo tún un sọ. Wọ́n ń nu okùn wọn lọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí kápẹ́ẹ̀tì fi sàmì sí mi lórúnkún, mo wá dìde, mo padà sínú yàrá.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mi ò tíì lè rìn dáadáa tí Mọ́mì fi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, ìyá tó bí Dádì, tí wọ́n sì lọ bá Dádì ní Dallas. Ìyá àgbà ni wọ́n tọ́ mi. Obìnrin tí ohùn wọn kì í jáde kúrò nínú yàrá ni wọ́n. Wọ́n kọ́ mi pé ọmọ tí a tọ́ kì í wo àgbà lójú, kì í sì í jẹ́ kí ohùn òun ga níwájú bàbá rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ pariwo bí àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n á ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ẹ̀kọ́ yẹn kò nira fún mi, nítorí onítìjú ni mí láti ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, wọ́n so ìborùn mi fún mi, wọ́n ní, "Tí o bá dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, máa rọra bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà láàárín àjèjì." Mo rọra bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Délé, àbúrò mi, Dallas ni wọ́n bí i sí. Kò mọ ìdọ̀bálẹ̀, kò sì mọ ìtìjú. Bó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ Dádì, yóò gun orí itan wọn, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mú, yóò yí ojú wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, yóò wá pariwo Gẹ̀ẹ́sì sí wọn lójú. Dádì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dá a lóhùn. Mọ́mì á ní, "Délé, bàbá rẹ lò ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò? Wo ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé o rí bí òun ṣe ń ṣe?" Ìyìn yẹn kì í dùn mọ́ mi, torí ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Mọ́mì náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n dàgbà sí, ìyá wọn ló ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá pè wá pé ká wá jẹun, ará ilé kejì á gbọ́. Èmi nìkan ni mò ń rọra sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, èmi nìkan náà ni Dádì kì í dáhùn. Mo gbà pé wọn kò fẹ́ràn mi. Ẹ̀yin tí wọ́n kó wá bá òbí yín lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ óò mọ irú èrò bẹ́ẹ̀, pé bóyá ọmọ tí wọ́n ń retí kọ́ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń gbọ́ ohùn Dádì dáadáa, nígbà tí Uncle Láyí bá wakọ̀ wá láti Little Elm. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá kàwé ní Dallas láyé ọjọ́un. Láyé dísíkò, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù kan níhà gúúsù ìlú. Dádì ń ta bésì, Uncle Láyí ń fọn fèrè idẹ, àwọn yòókù sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Mo máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá, n óò ká orúnkún jọ, n óò máa gbọ́ wọn.

Láti kọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti mọ kílọ́ọ̀bù náà bí ẹni pé mo ti débẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n lẹ dígí wẹ́wẹ́ mọ́ lára ń yí lókè àjà, tó ń da ìmọ́lẹ̀ sórí àwọn oníjó bí oòrùn tó gba inú ewé kọjá. Mo mọ̀ pé ṣòkòtò lábú funfun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wọ̀, pẹ̀lú bàtà gàràntí tó ga débi pé Uncle Láyí ṣubú lórí pèpéle lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń fọn fèrè wọn lọ níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Èéfín sìgá ibẹ̀ ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú àpótí Dádì, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

"Èmi ni wọ́n ń wá wò," Uncle Láyí á wí. "Bí mo bá ti gbé fèrè sẹ́nu báyìí, àwọn obìnrin á ti máa bọ́ bàtà."

"Wọ́n ń bọ́ ọ kí wọ́n lè rí nǹkan sọ lù ọ́ ni," Dádì á dá wọn lóhùn. "Fèrè tó ń ké bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ."

"Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Pásítọ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, eyín rẹ kò hàn síta lórí pèpéle rí."

"Mo ń ṣiṣẹ́ ni. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣiṣẹ́ nínú wa."

Nígbà náà ni Dádì á wá ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún, ohùn wọn á sì rọ̀. Wọ́n ní àárín onílù àti sípíkà ńlá ni ẹni tó ń ta bésì ń dúró, kí ìlù lè máa lù ú láyà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni àwọn máa ń wò, àwọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wúwo, àwọn á mi orí sí onílù, onílù á yí i padà, àwọn èèyàn tó ti fẹ́ lọ jókòó á sì tún bẹ̀rẹ̀ ijó láìmọ ohun tó mú wọn. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀," Dádì á wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, gbogbo ilé á dúró." Mo máa ń wo ẹ̀yìn ọrùn wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́, mo sì máa ń rò ó pé irú ọ̀rọ̀ dídùn báyìí wà lẹ́nu Dádì, kò kàn tọ́ sí èmi ni.

Ìparí ìtàn náà kò yí padà rí. Onílé kílọ́ọ̀bù ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, ó gba ọmọkùnrin kan tó ń fi í gbé orin sí i fún àwọn oníjó. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń sinmi ni ọmọ náà ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹgbẹ́ wá di ẹni tó ń ṣeré nígbà tí ọmọ náà bá ń sinmi. Lẹ́yìn náà, wọn kò pè wọ́n mọ́. "Ọmọ tí kì í làágùn, tí kì í bèèrè omi," Uncle Láyí á wí. "Ta ló máa bá a du iṣẹ́?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Dádì kò ní rẹ́rìn-ín. Dádì ti pa ìwé tì nítorí gìtá, gìtá sì ti pa Dádì tì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè sódò ni wọ́n ń wà nílé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ láàárín wa ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé mìíràn, nígbà tí mo ti fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mọ́mì wà níbi iṣẹ́ wọn nílé àwọn arúgbó. Délé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Fóònù dún, mo gbé e. Ìyá àgbà ni, wọ́n yá fóònù ẹnì kan. Ohùn wọn jìnnà, ó sì ti tinrin jù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n kò kí mi pẹ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ fún Àkànní, bàbá rẹ, kó pè mí lónìí. Kì í ṣe owó ni mo fẹ́ bèèrè. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Fóònù sì já.

Dádì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gìtá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo dojú kọlẹ̀, mo sọ ọ́ bí Ìyá àgbà ṣe rán mi. Wọn kò gbójú sókè. Mo mí, mo tún un sọ. Wọ́n fi ìka fa okùn tó nípọn jù, ó dún títí dé inú ilẹ̀, wọ́n sì tẹ etí sí i. Mo dìde. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n ti gbọ́, pé àwọn àgbà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn tí kò kan ọmọdé.

Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin pè láti ilé pé Ìyá àgbà ti kú. Mi ò rí kí ọkùnrin àgbà sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jókòó sórí àga ilé ìdáná, wọ́n ń sọ pé, "Wọ́n ní Ìyá ránṣẹ́ sí mi. Ta ló gba iṣẹ́ náà? Ta ló gbé fóònù?" Délé nawọ́ sí mi. Dádì wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo sọ fún yín, sà." Ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún. Dádì ń wò mí bí ẹni tó ṣì ń retí èsì, wọ́n wá dìde, wọ́n wọ yàrá. Mọ́mì fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní, "Ọmọdé a máa gbàgbé. Má sunkún." Èmi kò sì gbàgbé.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi rò pé òpùrọ́ ni bàbá mi, bàbá mi sì rò pé mo jẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá wọn mọ́nú. A jọ ń gbé bẹ́ẹ̀. Mi ò parí high school. Mo lọ ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo lọ́kọ, kò pẹ́, mo tún padà sílé. Kò sẹ́ni tó bú ẹnì kejì rí nínú wa.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni Uncle Láyí wá kí wa, irun wọn ti funfun. Mo gbé omi fún wọn, mo kúnlẹ̀, mo bèèrè bóyá wọ́n á jẹun. Wọ́n na ọrùn sí mi. "Sọ ọ́ sókè, ọmọ, kí o sì wò mí lójú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Etí wa ti bá kílọ́ọ̀bù lọ."

"Etí ta ni, sà?"

"Èmi àti bàbá rẹ. Tirẹ̀ ló burú jù, òun tó ń dúró ti sípíkà. Ohùn tó bá wúwo bíi tèmi ló ń gbọ́. Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi tìrẹ yìí, láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni kò ti gbọ́ ọ mọ́. Àbí kò sọ fún yín?" Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ ló pa á mọ́ fún. Tí wọ́n bá mọ̀ ní Lancaster pé kì í gbọ́ fèrè ọkọ̀, ta ló máa jẹ́ kó wa ọkọ̀?"

Dádì wà lóde, lórí bákónì, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lórí freeway. Mo lọ dúró níwájú wọn. Mi ò kúnlẹ̀. Mo wò wọ́n lójú, nǹkan tí mi ò ṣe rí, mo rí i pé ojú wọn jọ ti Ìyá àgbà. Mo wá pariwo. Ó ṣe mí bí ẹni ń bú bàbá rẹ̀ ní gbangba. "Ìyá àgbà ní kí n sọ fún yín kí ẹ pe àwọn! Wọ́n ní kì í ṣe owó làwọn fẹ́ bèèrè! Ohùn yín làwọn fẹ́ gbọ́!"

Ètè mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "O sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Wọ́n di irin bákónì mú. "Mo máa ń rí i pé ẹnu rẹ ń mì," wọ́n wí. "Mo rò pé àdúrà lò ń gbà. Mo rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà ọ́." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, èmi náà sì dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nísinsìnyí, Dádì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lè jẹ́ kí dókítà rí etí wọn. Dókítà fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Èmi ni mò ń wà lọ́dọ̀ wọn tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń pariwo. Aládùúgbò kan ti kanlẹ̀kùn rí, ó bèèrè bóyá à ń jà. Ìyá àgbà kò ní dá mi mọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ mi. Mò ń di bàbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, mò ń yí ojú wọn sọ́dọ̀ mi, mò ń wí pé oúnjẹ ti délẹ̀, pé kí wọ́n lo oògùn wọn, pé ọ̀la la máa lọ rí dókítà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń fèsì sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú tó fẹ́ sọ fún wọn, nípa ọ̀nà tó gbà dé, nípa ilé ìwé, nípa àlá tó ń lá. Mo ti wá a nínú ara mi kí n lè bá a sọ ọ́. Mi ò rántí ọ̀kankan mọ́.