Àgò Mẹ́rin Láti Kpingni

Àgò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé mi ní Lèma, ní ìdí àpáta. Adìẹ ló ń sùn nínú wọn báyìí. Àlejò tó bá rí wọn á máa yẹ́ mi sí, á ní ta ló tún ń kan àgò ẹlẹ́sẹ̀ gíga, tó ní àwọ̀n irin yí ká, fún adìẹ lásán. Èmi á rẹ́rìn-ín, n kò ní sọ pé ehoro ni wọ́n kàn án fún. Ìtàn kì í wọ́n lẹ́nu mi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Ti àgò yìí nìkan ni n kò tíì jókòó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń ru iṣu bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan ló yọ̀ ṣubú lórí òkè, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè mọ́. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń kí àwọn tó ń lọ oko, tó tún ń kí wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá wọn, ìkíni yìí ti sú mi. Bí mo bá tún kí ẹnì kan kú àbọ̀ oko láìjẹ́ pé èmi náà ti ṣe nǹkan kan láàárọ̀, èébú ló máa gbà."

Ehoro ló yàn láti máa sìn. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè jókòó ṣe ni. Ó ra abo kan àti akọ kan lọ́jà Ìdáàṣà, ó kó wọn sínú agbọ̀n. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi jẹ agbọ̀n náà lu, wọ́n bọ́ sínú ẹ̀wà aládùúgbò wa. Ìyá àgbà ni aládùúgbò náà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ìyàwó wa," ó ké láti ẹ̀yìn ọgbà, "ta ló ń sin ehoro nínú àwa méjèèjì? Nǹkan tèmi ni wọ́n ń jẹ."

"Ìyá, a jọ ń sìn wọ́n ni. Bí wọ́n bá bímọ, ẹ̀yin lẹ máa mú ìrù."

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyàwó mi. Nígbà tí abo náà gbé oyún, mo ní agbọ̀n kò tó mọ́, ó yẹ ká wá àgò gidi.

Ẹnì kan ló sọ fún mi lẹ́yìn mísà pé bàbá àgbà kan ní Kpingni fẹ́ ta àwọn àgò rẹ̀, pé kò sin ehoro mọ́. Mo gun ọ̀kadà tí à ń pè ní sẹ́mìjáànì, ọlọ́kadà náà sì já mi sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn àgò náà wà, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló ṣí sílẹ̀. Bàbá náà fún mi lómi mu. Ọ̀rọ̀ iye owó kò pẹ́ rárá. Bí mo ṣe dìde láti so wọ́n pọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, kí o tó kó wọn lọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó pa àwọn ehoro mi."

Nílé wa, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ni pé ẹni tó bá lọ ra ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ohun ọ̀sìn rẹ̀ kú kì í jẹ́ kó ka ikú náà. Wọ́n ní bó bá kà á, ó sin òkú náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Bó bá ti la ẹnu báyìí, olùrà á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á ní ó ti lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Bàbá, ó ti lọ. Kó lọ pátápátá."

Ó wò mí. "Mo mọ̀. Àmọ́ àwọn igun rẹ̀ yìí…"

Mo tún fọwọ́ kan ilẹ̀. "Bàbá, ó ti lọ."

Àgbà kì í bá ènìyàn jà nítorí pé ó hùwà ọmọlúwàbí. Ó pa ẹnu dé, ó súre fún mi. Ní ojú ọ̀nà, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá mi kó àwọn àgò náà, orí mi ń wú. Mo ní bí bàbá mi bá wà láyé, ì bá mọ̀ pé òun kò tọ́ mi lásán.

Orí àpáta tí gbogbo wa ń sá pákí sí la ti fọ àgò náà. Èmi ń pọn omi, ìyàwó mi jókòó lórí àpótí, ó ń fi ojú àdá tó ti kú ha ìgbẹ́ tó gan mọ́ àwọ̀n. Eérú ló kọ́kọ́ fi gbo ó, ó fi ọṣẹ lé e, ó wá da omi jafẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i títí ojú wa fi ń ta. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wò ó, àgò yìí mọ́ ju yàrá wa lọ."

"Ṣé kí n wá tẹ́ ẹní síbẹ̀?"

"Ẹ má wulẹ̀ tẹ́ ẹ. Abo ehoro kò fẹ́ orogún."

Ó ha díẹ̀ sí i, ó wá béèrè ohun tó pa ehoro bàbá náà. Mo ní n kò béèrè. Ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ. N kò sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà la ẹnu.

A gbé abo ehoro náà sínú àgò, akọ ṣì wà nínú agbọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abo náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn etí. A ní oyún ni. Nígbà tó fi máa bí ọmọ mẹ́fà, èépá ti bo inú etí rẹ̀, ó nípọn bí èépá ìdí ìkòkò, ó sì ti ń ràn lọ sí imú. Kò jẹun mọ́, kò fún ọmọ lọ́mú. Ìyàwó mi ń fi ìka ta wàrà sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkẹfà, ìyá wọn tẹ̀ lé wọn.

"Èmi ni," ìyàwó mi ní. "Ìbàdí yìí kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. N kò fọ ìsàlẹ̀ àwọn àgò náà kó mọ́."

Mo ní kì í ṣe òun. N kò sọ ẹni tó jẹ́.

Mo padà sí Kpingni. Bàbá náà ti rí mi láti òkèèrè. "Ọmọ Lèma, ṣé o tún wá fọwọ́ kanlẹ̀ ni?"

Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìfọ́n etí ni. Kòkòrò rẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí, omi kì í sì í bá a níbi tó sá sí, níbi tí pákó ti bá pákó pàdé. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni wàá tan iná sí, wàá fi ọwọ́ iná náà lá gbogbo igun, wàá wá fi àgò sílẹ̀ lófìfo kí oṣù kan kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ sunkún sí ọ lára."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi béèrè ibi tí mo lọ. Mo ní mo lọ kí bàbá Kpingni.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

Ibẹ̀ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ìyàwó mi fi akọ ehoro, tí kò tíì wọ inú àgò rí, ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Akofodjoulè. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé ọwọ́ òun kò mọ́ tó ti ehoro. Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo bá wọn di agbọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń lọ sópin, mo gbé àwọn àgò náà sórí àpáta, mo tan iná sí imọ̀ ọ̀pẹ, mo ń fi lá àwọn igun. Ìyàwó mi fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá bá mi, ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀yin náà tí ẹ máa ń bá ọmọdé wí bó bá já ìtàn mọ́ yín lẹ́nu." Kò pariwo. "Mo ti sọ fún àbúrò mi pé èmi ni. Mo sọ fún ìyá ẹ̀yìn ọgbà. Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún."

Ó gba imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ mi, ó lá igun tí mo fò, ó dá a padà fún mi, ó sì wọlé. Nígbà tí mo ní kí a wá abo mìíràn, ó ní rárá, adìẹ ti tó.

Títí di òní, bí ẹnì kan bá béèrè ehoro lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọwọ́ mi kò bá ehoro mu." Bí mo bá wà nítòsí, mo máa ń dá sí i pé èmi ni mo fà á, kì í ṣe òun. Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní irú ọkọ tó ń bo àṣírí ìyàwó rẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ìyá ẹ̀yìn ọgbà tilẹ̀ ti súre fún mi nítorí ẹ̀. Ìyàwó mi kì í dá sí i. Á kàn máa kí àwọn tó ń bọ̀ láti oko.