Ẹ̀rọ Tó Ṣáájú Mi Délé Ọkọ

Mo rántí ìgbà tí mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé orí mi dàrú o. Ní agboolé ọkọ mi lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nílẹ̀ kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ló jẹ́ fún un, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, àfi kó wá orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìgbéyàwó wa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi dráyà, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ránṣẹ́ sí ìyá wọn láti ìlú òyìnbó. Bí mo ṣe dé, àwọn ọmọ ilé fà mí lọ síwájú rẹ̀, wọ́n ní ọkọ mi lòun náà, kí n kúnlẹ̀ kí n sọ ọ́ lórúkọ. Mo wo bó ṣe funfun tó ń dán, mo kúnlẹ̀, mo pè é ní Afínjú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Alágbàfọ̀ ni ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti ń fọṣọ fún àwọn ará Mápó àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó bí ọkọ mi, òjò nìkan sì ni ọ̀tá tí wọ́n ní. Tó bá ti di ìgbà òjò, aṣọ á wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún máa rùn. Lọ́sẹ̀ kan báyìí ni áfáà ilé-kéwú kó aṣọ funfun ọgbọ̀n ọmọ tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ wá, àwọn ọmọ tó ti ka Kùránì parí, pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kó tó di àárọ̀ Sunday. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Thursday, kò sì dá. Ìyá ní àwọn á ránṣẹ́ sí áfáà pé kó wá kó aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu mi gbàgà pé kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀, Afínjú á mú gbogbo rẹ̀ gbẹ. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní Poli, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú agboolé, nítorí mo rí i dájú pé wọ́n mọ̀.

A kó aṣọ sínú Afínjú, ó ń yí, ó ń kùn bí ẹni ń fi imú kọrin. Wákàtí kan kọjá, a kó aṣọ jáde, ó tutù jọ̀mì. Mo gbé tẹ́sítà mi, mo pa ẹ̀rọ, mo wọn iná inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Okòólérúgba ni mo rí, iná tó dára. Mo ní a jẹ́ pé ara ẹ̀rọ ni kò yá. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo yẹ irin tó ń gbóná wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ sí pálọ̀, bákan náà ló rí. Mo wọn gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, okòólérúgba ni gbogbo wọn ń sọ fún mi. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Friday, aṣọ tútù ti gorí gbogbo àga, kódà wọ́n fi ẹ̀wù kan kọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá ọkọ mi. Ìyá ń fún omi ara aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Bàbá Oníná ni à ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, àgbà agboolé wa. Àwọn ni wọ́n fa wáyà sí gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n máa ń bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní Poli. Màá dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo gbà pé ìmọ̀ tiwọn kò kọjá gílóòbù. Láàárọ̀ Saturday, wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe tún ń ti tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Ìyàwó, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí o wọ̀n ọ́n?”

Mo ní rárá, pé mo kọ́kọ́ máa ń pa á ni.

“Ẹni tó jókòó, ta ló mọ̀ pé ó ń tiro? Ní kó dìde kó rìn.”

Mo tan Afínjú, mo wọn ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogóje! Mo sáré lọ wọ̀n ọ́n nídìí mítà lẹ́nu ọ̀nà, iná ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Inú ilé níbẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò lọ́nà. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, kí n má purọ́.

Bàbá dìde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tọ wáyà lára ògiri bí ẹni ń wá ibi tí ara ọmọ ti gbóná, títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni. Ògiri ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. A pa iná láti ìdí mítà, mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n foríjì mí kí n tó gun àpótí lókè orí wọn, àwọn fúnra wọn ló di àpótí náà mú. Mo tú ìdérí kékeré tó wà lókè. Ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ ti jó dúdú, rọ́bà rẹ̀ ti di ẹ̀tù. Gbogbo wa la mọ ẹni tó so ó. Mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dójú ti àgbà, èyí tó wá sí mi lẹ́nu ni pé, “Bàbá, ó jọ pé eku ló jẹ ẹ́.”

Wọ́n ní kí n gé e wá. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

“Eku kọ́. Ọwọ́ mi ni. Gílóòbù méjì àti rédíò ni mo so ó fún, n kò mọ̀ pé irú Afínjú yìí ń bọ̀. Má purọ́ mọ́ eku nítorí mi, ìyàwó. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, ilé ni yóò jó.”

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni Bàbá náà bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ mú púláyà tí àwọn fi ń so wáyà wá nínú yàrá. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọkọ mi lọ ra wáyà tó nípọn ní Bẹẹrẹ, a fà á tààrà láti ìdí mítà sọ́dọ̀ Afínjú, èmi fúnra mi ni mo fi púláyà Bàbá so orí rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà, Afínjú ti yí ohùn padà, ó ń mí gbígbóná. Ìyá fa ẹ̀wù kékeré kan jáde, wọ́n fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n dijú, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù. Láàárọ̀ Sunday, òjò ti dá, ọgbọ̀n ọmọ tò kọjá lábẹ́ Mápó nínú aṣọ funfun báláú, wọ́n ń ké kéwú lọ. Mo dúró létí títì, mò ń sunkún ayọ̀ bí ẹni tó bí gbogbo wọn.

Bàbá ti lọ sinmi, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń pè káàkiri láti Bẹẹrẹ dé Mọ́lété, bí mo bá sì wọ ilé onílé, n kì í gba ẹ̀rọ tó jókòó gbọ́. Afínjú ṣì wà, àmọ́ funfun rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbà. Lóṣù tó kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìgbóná. Ìyàwó tó dé kẹ́yìn nínú ilé, tí òun náà ti kúnlẹ̀ kí i rí, tí mo ń kọ́ níṣẹ́, ló gbé tẹ́sítà. Ó ní kí Afínjú ṣiṣẹ́, ó wọ̀n ọ́n, ó tọ wáyà lọ sídìí mítà, ó pa iná, ó tú ibi tí mo so lọ́jọ́sí. Ó wá kúnlẹ̀, kò lè wò mí lójú.

“Mọ́mì, ó jọ pé eku ni.”

Mo gba wáyà dúdú náà, mo gbé e súnmọ́ ojú mi. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

“Eku kọ́,” mo wí. “Ọwọ́ mi ni.” Mo sì wọ yàrá lọ mú púláyà fún un.