Orin Ni Ọmọ Mi Ń Kọ, Mo Pè É Ní Ìwé Kíkà

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ jẹ́ kí n fẹjọ́ ara mi sùn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú.

Tẹ́lọ̀ ni mí, Olówógbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ṣeun, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà ní Primary 3. Bó bá ti dé láti iléèwé, á ṣí ìwé English rẹ̀, á máa kà á wàràwàrà. Èmi náà á máa yangàn lójú àwọn kọ́sítọ́mà. Ta ni ò tíì gbọ́ ládùúgbò pé ọmọ mi mọ̀wé?

Ìyẹn ló jẹ́ kí Alhaja, onílé wa, pè é lọ́sàn-án Sátidé kan. Ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òògùn ikọ́. Wọ́n ní kó bá àwọn ka ohun tó wà lára ìgò. Ṣeun wò ó, ó ní síbí mẹ́rin ni.

Síbí kan ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, màmá sì ti mu mẹ́rin!

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún Alhaja, orí àga ni mo ti bá wọn. Mo pè, mo pè, “hùn” lásán ni wọ́n ń dáhùn. Mo ké sí ọmọ wọn! Èmi àti ọmọ wọn la gbé wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní oorun òògùn ni, kí a jókòó tì wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni ojú wọn tó là. Ká ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?

Nígbà tí a gbé Alhaja padà délé, mo bi Ṣeun léèrè níwájú wọn, ó bú sẹ́kún. “Mọ́mì, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo mọ̀wé, ojú ń tì mí láti sọ.”

Mo ṣí ìwé English yẹn, mo fọwọ́ bo ojú ewé tó máa ń kà, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: goat. Ó wò ó, ó wo ojú mi. Kò mọ̀ ọ́n! Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó ń kà á lábẹ́ ètè títí tó fi kan goat. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí bí orin!

Mo gbé ọwọ́ sókè, Alhaja sì dá mi dúró. “Má na ọmọ yẹn. Ìwọ lò ń sọ kiri pé ó mọ̀ ọ́n.”

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá tíṣà rẹ̀. Obìnrin náà ò bá mi jà. Ó ní àwọn ọmọ pọ̀ ju agbára òun lọ. Òun á kà, wọ́n á gbè é. Ó ní Ṣeun ló ń pariwo jù, ìdí nìyẹn tí òun fi rò pé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi o! Ṣé ariwo ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lè kàwé ni?

Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi lóhun kan. Ó ní kí n mú ìlà díẹ̀, kí Ṣeun máa fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tún un kà títí ẹnu rẹ̀ á fi dá ṣáká, kí n sì máa bi í ní ọ̀rọ̀ láàárín láìtò ó.

Wàhálà dé! Yorùbá la fi bẹ̀rẹ̀, torí èyí ló ń sọ. Ojoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì mi. Ìlà mẹ́ta á gba odindi ogún ìṣẹ́jú! Èmi á jágbe, òun á sunkún. Nígbà tó kan English, ó bi mí pé kí ni K ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ know tí a kì í pè é. Ṣé èmi náà mọ̀ ni?

Oṣù kẹta rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ìwé ìròyìn Yorùbá tí mo fẹ́ gé fi ṣe pátánì. Ó fi ìka tọ́ ọ. Ó kọsẹ̀, ó padà, ó tún un kà. Ó wá ní, “Mọ́mì, wọ́n ní omi ẹ̀rọ ò yọ ládùúgbò kan, inú ń bí àwọn ará ibẹ̀.” Kò rí ìwé yẹn rí láyé rẹ̀! Mo dá máṣìnnì dúró, mo ní kó tún un kà sí mi létí.

Ẹ̀yin òbí, kíkà wàràwàrà kọ́ ni mímọ̀ ọ́n kà. Ẹ fọwọ́ bo ojú ewé náà lónìí, kí ẹ nawọ́ sí ọ̀rọ̀ kan. Ta lọmọ tirẹ̀ náà ti fi orin tàn jẹ? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí o, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú á tì!