Alágbàfọ̀ Tó Fi Aṣọ Oníbàárà Kọ́ Gìtá Pọ́ńkì

Bí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó bá ń sọ ìtàn Àkàngbé alágbàfọ̀, orí agbádá Àlàájì Jẹ̀lílì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni èmi yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ Àkàngbé tí kò mọ ọ̀rọ̀ agbádá yìí, irọ́ ló ń pa.

Ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1978 ni, ọjọ́ yìgì ọmọ Àlàájì. Láti ọjọ́ Ajé ni Àlàájì, tó ń ta pákó ní Mushin, ti gbé agbádá sányán rẹ̀ fún Àkàngbé pé kó fọ̀ ọ́, kó lọ̀ ọ́. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, fìlà lórí, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó bá Àkàngbé lórí àpótí, gìtá lórí itan, ojú dídì.

"Àkàngbé, agbádá mi dà?"

"Àlàájì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Aago mẹ́wàá ni yìgì. Agbádá mi dà?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, sà."

"Agbádá? Iṣẹ́ wo ni agbádá ń ṣe?"

Àkàngbé fi ẹnu júwe igun yàrá. Sányán Àlàájì rèé lóòótọ́, ó mọ́, ó gún régé, wọ́n sì fi wé àpótí sípíkà bí ẹni wé ọmọ tuntun. "Ohùn mi wà nínú rẹ̀," Àkàngbé wí. "Ẹ ṣàánú mi, ẹ wọ bùbá yẹn lọ. Ó kúkú gbayì lára yín. Ọmọ lẹ sì ń fà fọ́kọ, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń gbé níyàwó."

Àlàájì ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Ó bẹ́ mọ́ agbádá, ó fà á, Àkàngbé náà dì í mú, wọ́n jọ fà á títí ó fi já gbà, ni Àlàájì bá kó sọ́rùn, ó sì sáré wọnú mọ́tò. Ní ibi yìgì, nígbà tí wọ́n ti ṣàdúà tán, ìbátan ọkọ kan bá tẹ̀ sí i létí pé, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà kan ń yọ lọ́rùn yín."

Kí ló gbé alágbàfọ̀ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta dé ìdí irú nǹkan báyìí? Kọ́lápọ̀ ni o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Kọ́lápọ̀, inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kan ṣáájú ọ̀rọ̀ agbádá, ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Àpápá, Kọ́lápọ̀ sì gbé gìtá oníná kan wá tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì orin tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ nílùú Ọba. Pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àkàngbé dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó gbàgbé pé iná wà nínú áyọ́ọ̀nù.

"Kọ́lápọ̀, inú ń bí àwọn ọmọ wọ̀nyí o! Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò síṣẹ́ nílùú."

"Wọ́n jàre! Kí wọ́n bínú dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń lu gìtá líìdì yẹn, èyí tó ń ṣíwájú orin, kí ló dé tó ń ha èèyàn létí?"

"Pọ́ńkì nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kò gbọdọ̀ dán. Bó bá ti dán, kì í ṣe pọ́ńkì mọ́."

Àkàngbé wò ó bí ẹni wo ọmọdé. Ó na ọwọ́, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́. "Fọwọ́ kàn án. Ṣé kò le? Sítáàṣì wà lára rẹ̀, ó lè dá dúró. Ṣé kò wá dán ni? Ohun tó bá le lè dán. Èmi yóò lu pọ́ńkì tó le tó sì dán, wàá sì gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rọrùn. Oníṣẹ́ rédíò kan ní Ojúẹlẹ́gba bá a so gìtá mọ́ rédíò ńlá àtijọ́ kan, ó kan àpótí fún sípíkà, Àkàngbé sì bẹ̀rẹ̀. Kò ní ohun tí wọ́n fi ń ta okùn gìtá, ó bá ń yọ ike pẹlẹbẹ tí ń mú kọ́là dúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí kọ́là rẹ̀ ò sùn sílẹ̀ bí etí ajá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ohùn gìtá náà, nítorí òkú kì í bínú sí òótọ́. Kò dáa rárá! Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Orin kan ṣoṣo ló ń kọ́ látinú kásẹ́ẹ̀tì náà, líìdì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, síbẹ̀ kò sí ẹ̀dá Ọlọ́run tó gbọ́ ọ dé ìparí. Bàbá onílé á rántí pé òun gbé omi kaná. Adìẹ Àrìnpé, ìyàwó Àkàngbé, kó lọ sílé kejì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń yé sí. Kọ́lápọ̀ tó gbé gìtá wá gan-an bẹ́ sóde lójijì pé ọkọ̀ ń fi òun sílẹ̀ ní Àpápá, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù kí ọkọ̀ náà tó gbéra.

Òjò ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí òrùlé ń jò, Àkàngbé ti sípíkà sábẹ́ òkìtì aṣọ kí omi má bàa bà á jẹ́, kò sì dáwọ́ gìtá dúró. Ohùn bá jáde lábẹ́ aṣọ náà, ó rọ̀, ó tutù, gbogbo híha ibẹ̀ sì ti lọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe pariwo! "Àrìnpé! Àrìnpé! Ó ti dán!" Àrìnpé rò pé ọ̀kan nínú aṣọ ló sọ, ó ní kò burú.

Láti ọjọ́ náà ni ìyà oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ, ó di dandan kí Àkàngbé fi bo sípíkà kó tó dá a padà. Ó ní àǹkárá kò lágbára tó. Kóòtù lọ́yà kan láti Yábàá pa ohùn náà pátápátá. Yunifọ́ọ̀mù Àǹtí Rónkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Àgùdà, sún mọ́ ohun tó ń wá, ó bá fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà.

"Àkàngbé, àwọn aláìsàn ń dúró dè mí!"

"Àǹtí, ṣé aṣọ ló ń wò wọ́n sàn ni?"

Àǹtí Rónkẹ́ bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó yọjú, ó wò yíká kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, ó ní, "Mo gbọ́ pé o ti ń lo agbádá Àlàájì báyìí. Kí ló fi ju tèmi lọ?" Ìjowú ni o.

Sányán Àlàájì ló ju gbogbo wọn lọ. Ó nípọn, ó sì ń gba afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ti ọjọ́ yìgì yẹn nìkan o. Láti bí oṣù mẹ́fà ni agbádá náà ti ń wá fún fífọ̀, tí Àkàngbé sì ń wá àwáwí láti dá a dúró. Nínú aṣọ yẹn ló ti ń gbọ́ ohùn tó wà lọ́kàn rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń lu líìdì kan ṣoṣo náà.

Ọ̀rọ̀ wáyà ọrùn Àlàájì wá tàn kálẹ̀ títí dé Costain. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé máa fi mọ́, àwọn oníbàárà ti tò sẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe láti gbé aṣọ wá, wọ́n wá kó o lọ ni. Àwọn míì kó tiwọn ní tútù. Kó tó di ọ̀sán, ohun tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù ò ju tábìlì, áyọ́ọ̀nù àti sípíkà ìhòòhò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Àkàngbé ò fọwọ́ kan gìtá.

Àrìnpé kì í ṣe aláriwo. Ó jókòó tì í lórí àpótí. "Bàbá Lateefat, mo ti fara dà á. Mo fara dà á fún ọdún kan gbáko. Ní báyìí, a ò ní aṣọ ẹyọ kan láti fọ̀. Ẹ pe àwọn èèyàn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ lu líìdì yín. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá jókòó gbọ́ ọ dé ìparí, ẹ máa lù ú lọ, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá sí, gìtá yìí á kúrò nílé wa."

"Láìsí aṣọ lára sípíkà?"

"Aṣọ wo lẹ ní?"

Àkàngbé bá jáde. Ó wá aṣọ yá kiri àdúgbò, kò sẹ́ni tó fún un ní ìnura lásán. Àrìnpé gan-an ti àpótí ìró rẹ̀ pa. Lọ́jọ́ Sátidé náà, Àkàngbé bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi bo sípíkà, ó tẹ okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, ó sì tún wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà.

Èèyàn wá o! Ìtìjú ẹni ẹlẹ́ni dùn ún wò. Àlàájì Jẹ̀lílì ló kọ́kọ́ dé, ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Àǹtí Rónkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kọ́lápọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gúnlẹ̀ ni, ó dúró sí ibi tó ti máa rọrùn láti jáde. Àrìnpé dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kò wọlé, kò jáde.

Àkàngbé jókòó sórí àpótí, ó gbé gìtá lé itan. Ohùn àkọ́kọ́ ha wá létí, Àlàájì sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn kejì rọ̀. Ìkẹta yọ́ wọnú ìkẹrin, Àkàngbé sì di ojú. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń lọ aṣọ: kò dúró pẹ́ níbì kan kó má bàa jó, kò sì sáré kó má bàa fi ibi rírún sílẹ̀. Ó fa okùn títí ohùn fi gòkè, ó sì rọra dá a sílẹ̀. Pọ́ńkì ni o! Ó le, inú ń bí i, ara wa ń gbóná, ẹsẹ̀ wa ń lu ilẹ̀ láìgbàṣẹ. Ó sì dán! Orí mi wú, n kò lè purọ́.

Kò sẹ́ni nínú wa tó jáde títí ó fi parí. Àrìnpé ti wọlé, ó ti dúró sáàárín wa, n kò mọ ìgbà tó wọlé. Kọ́lápọ̀ ló kọ́kọ́ gbéra, kì í ṣe láti sá lọ: ó lọ wo ẹ̀yìn sípíkà bóyá wọ́n fi aṣọ kan pamọ́ síbẹ̀. Eruku ló bá. Oṣù mẹ́fà tí Àkàngbé ti ń gbọ́ ohùn dídán, etí rẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé etí, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Àlàájì dìde lórí àga, ó ní, "Ìyẹn ni pé lásán lo ṣe mú agbádá mi nígbèkùn?"

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àlàájì, kì í ṣe lásán, sà. Inú agbádá yín ni mo ti kọ́ ọ."

Àlàájì gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé aṣọ mẹ́rin wá, ó ní kí wọ́n fọ̀ wọ́n. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ní ti Àrìnpé, ohun tó sọ lọ́jọ́ Sátidé náà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá Lateefat, oúnjẹ ti délẹ̀."

Àkàngbé kò di olókìkí. Kò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, orúkọ rẹ̀ kò jáde nínú ìwé ìròyìn kankan. Ó kàn ń fọṣọ lówùúrọ̀, ó ń lu gìtá nírọ̀lẹ́, a sì ń gbé àga lọ síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lásìkò yẹn ju bí mo ti rí inú ẹnikẹ́ni tó dùn rí. Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, kí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta tó mú un lọ níparí ọdún 1979. Ó dùn wá wọra. Títí di òní ni mo ṣì ń bínú sí àìsàn náà.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àáfáà ti lọ, Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ wáyà ọrùn rẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àrìnpé náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún un rí. Sátidé tó lu gìtá fún yín yẹn, mo ti mú ẹni tó máa rà á wá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ní kó dúró sí, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ sì dá a padà nígbà tí Bàbá Lateefat lù ú tán?" Àǹtí Rónkẹ́ bi í.

"Tán kẹ̀? Kò tíì lù ú dé ìdajì tí mo ti lọ sọ fún ọkùnrin náà pé kó máa lọ, pé gìtá yìí kì í ṣe títà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

"Ṣé kó lè mọ̀ pé mo fẹ́ràn gìtá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò wá bá mi lọ aṣọ?"

A tún bú sẹ́rìn-ín. Àrìnpé náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n kò lè rín in dé ìparí. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ bo ojú.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún un," ló wí.