Ìyá Ọkọ Mi Ń Kí Gbogbo Ayé

Ìyá ọkọ mi kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn rìn láti ilé wa ní Ṣakí dé ibùdókọ̀, ẹ mú oúnjẹ dání, nítorí wọn á kí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọn á kí ẹni tó ń fọ ọ̀kadà, wọn á kí ọkùnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n máa ń kí jù. Èmi tí mo kàwé máa ń rìn síwájú díẹ̀, kí ayé má baà mọ̀ pé a jọ ń lọ ni.

Ọgbọ́n tèmi yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù: ẹ má gba omi lọ́wọ́ àjèjì, ẹ má dáhùn bí àjèjì bá béèrè ọ̀nà. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn, kí n lè gba láádá tèmi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò màmá tó wà ní Kíṣí ṣubú, wọ́n sì kán lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi ní kí n tẹ̀ lé màmá lọ wò wọ́n, kí ẹni tó gbọ́n lè wà pẹ̀lú màmá lọ́nà. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Inú mi dùn.

Awakọ̀ wa búra pé ẹ́ńjìnnì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé ni. Òótọ́ ló sọ, nítorí nígbà tí a kọjá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí díẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó rú èéfín, ó wúkọ́ bí arúgbó, ó sì dákẹ́. Awakọ̀ gun ọ̀kadà kan tó ń kọjá, ó ní òun ń lọ ra ohun tó bàjẹ́, òun ń bọ̀ nísinsìnyí. Gbogbo wa mọ ohun tí nísinsìnyí jẹ́ lẹ́nu awakọ̀.

Oòrùn mú. Mo gbé fóònù mi sókè, mo gbé e sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn dúró lójú títì, ó ń na fóònù sí ọ̀run bí ẹni tó ń tọrọ òjò. Nígbà tí n óò fi bojú wẹ̀yìn, màmá ti wọ inú oko kan lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin kan tí kò jù mí lọ ń wa iṣu níbẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Màmá kí wọn kú iṣẹ́, kú oòrùn, màmá ní iṣu wọn mà ta o.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí ebè. Ó béèrè ibi tí a ń lọ, ó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ wa, ó ní kí màmá máa bọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Kí n tó mí, màmá ti ń jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo. Wọ́n nawọ́ pè mí. Mo ní ebi kò pa mí. Ikùn mi pariwo ta kò mí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò yòókù fi yíjú wò mí.

"Ìyàwó mi," ni màmá wí, "ta ló sọ fún ọ pé ẹni tí a kò mọ̀ ni ẹni ibi? Àwa náà ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀ wá ni?"

Ẹnikẹ́ni ò kọ ìdáhùn èyí sórí Wásáàpù. Mo lọ jókòó. Mo ní n óò kàn tọ́ ọ wò ni, kí n mọ̀ bóyá oògùn wà nínú rẹ̀. Ègé àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Mo bu òmíràn, nítorí ìwádìí tó péye kò gba ìkánjú. Nígbà tí iṣu náà fi tán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn láre.

Bó bá jẹ́ fíìmù ni, obìnrin yìí ì bá jẹ́ ọmọ màmá tó sọ nù láti kékeré. Kò bá wa tan rárá. Wọ́n tú ìdílé títí, wọn ò rí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ mọ̀. Ó kàn sọ pé ìyá òun kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, pé láti ìgbà náà, kò sí àgbà kan tó wọ oko náà wá yin iṣu òun. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi wo ẹsẹ̀ ara mi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ wa ṣì ń bọ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó iṣu lọ sí Ìgbòho, ó ní òun á gbé wa dé ibẹ̀, kí a lè rí ọkọ̀ Kíṣí wọ̀. Màmá jókòó síwájú. Èmi tí wọ́n rán láti máa tọ́jú wọn wà lẹ́yìn lórí iṣu, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà sì ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

A dé Kíṣí bí wọ́n ṣe ń pe ìrun alẹ́. Àbúrò màmá béèrè bí ọ̀nà ti rí. Màmá ní ọ̀nà dára púpọ̀, àwọn ènìyàn rere ló wà níbẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ rántí mẹ́nu ba ọkọ̀ tó bàjẹ́. Èmi ni mo ròyìn ìyẹn, lórí ìdúró, torí ìdí ń ro mí.

Èmi náà ti ń gbìyànjú báyìí. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo kí ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó yára sọdá sí òdìkejì títì. Mi ò bínú. Mo kí ẹni tó tẹ̀ lé e, bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò. Bàbá náà dúró, wọ́n fara ti kẹ̀kẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí táyà náà ṣe jò, wọ́n mú un láti orí ẹni tó tà á fún wọn. Ó pẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀.