Èéfín Inú Ahéré Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí n tó mọ ìwé kà, nígbà tí mo ṣì kéré, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mò ń gbé lóko. Koríko bẹẹrẹ ni a fi bo ahéré wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi ni mo ń dáná sínú rẹ̀, kí èéfín lè gun òrùlé, kí ìkán má bàa jẹ igi àjà. Èéfín á máa ta mí lójú, ṣùgbọ́n iṣu wà nínú eérú. "Àkànní, bí iná yìí bá kú, orí rẹ ni òrùlé máa wó lé," ni Ìyá Àgbà máa ń wí. Wọn á wá bu èyí tó jóná jù nínú iṣu náà fún mi.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àbúrò ìyá mi mú wọn lọ sílùú fún ìtọ́jú, èmi sì ń sùn nílé aládùúgbò wa. Iná di tèmi nìkan. Mo dá a fún ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mo tẹ̀lé àwọn ọmọ abúlé lọ dẹ òkété.

Nígbà tí Ìyá Àgbà padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn kò ríran mọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má mọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fa imú.

"Àkànní, ìgbà wo ni iná ti kú?"

Wọn kò nà mí, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò àkọ́rọ̀ ló wó òrùlé náà. Gbogbo ayé ní ìkán ni. Bí àwa méjèèjì ṣe kó lọ sílùú nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ilé ìwé, nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó tíṣà. Ìyá Àgbà kò dé oko mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti àdúgbò Wedding ní Berlin, níbi tí mò ń gbé, lọ kí ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Hamburg. Ó mú mi lọ wo àwòrán nínú Museum kan. Mo rí àwòrán kékeré kan níbẹ̀, ti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí ayàwòrán kan yà nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́: ilé oko, òrùlé koríko, igi kan tó tẹ̀ sí i, kò sí ènìyàn. Mo dúró. Ó dà bí ẹni pé atẹ́gùn oko wa ń fẹ́ koríko náà.

"Dádì, kí lẹ tún ń wò? Ahéré lásán nìyẹn."

"Mò ń wá èéfín."

"Èéfín kẹ̀? Nínú Museum? Wọ́n á lé wa jáde o! Èéfín kí ni?"

Nígbà náà lóko, àgbà bi mí, ẹnu mi kò gbé e. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá títí ó fi kú. Nísinsìnyí, ọmọ ló bi mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ọ́ tán. Ibi tí kò bá ti yé e, á fi Jámánì bi mí, èmi á tún un sọ. Nígbà tí a jáde, ebi ń pa mí, irú ebi tí kò pa mí láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀.