Aránṣọ Tó Pa Ológbò Àbúrò Rẹ̀

Bí mo bá sọ fún yín pé obìnrin kan wà tó fi abẹ́rẹ́ pa ológbò tó ga tó ilé alájà méjì, ẹ ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dín in kù. Bírò ló fi pa á, kì í ṣe abẹ́rẹ́, ológbò náà kò sì ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú ìwé ló wà. Àmọ́ ikú rẹ̀ dùn mí ju ikú àwọn kan tí a jọ jẹun rí lọ, ẹ má sì bi mí ní orúkọ wọn.

Aránṣọ ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà. Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin márùn-ún, ẹ̀rọ ìránṣọ márùn-ún, òkìtì aṣọ funfun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ya, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti gbó jù, wọ́n á gé e ṣe àpò ìrọ̀rí. Kò sin ológbò rí láyé rẹ̀. Bí ológbò bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, á sín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ ìtàn ilẹ̀ àwọn ológbò. Òṣìṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ni àbúrò yìí, ojúlé dé ojúlé ló ń lọ wo mítà omi, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Onímítà. Láti kékeré ló ti ń tiro: orí ògiri ló ti já bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọjọ́ náà nínú ilé wọn.

Aránṣọ á kọ orí kìíní sínú ìwé, á gbé e fún Onímítà. Ìyẹn á kọ orí kejì, á dá a padà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí ẹnì kan bá ti kọ, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Bí ìwé bá kún, Aránṣọ á fi ẹ̀rọ rán an mọ́ páálí. Nínú orí tirẹ̀, àwọn ológbò orí òrùlé ló ń fi irun imú wọn rán ìparí òru mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Bí ọ̀kan bá sùn gbàgbé, ọjọ́ á mọ́ pẹ̀lú ihò nínú. Nínú ti Onímítà, inú páìpù ni àwọn ológbò ń gbé, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí omi bá rù jáde láti yàrá àwa èèyàn. Tirẹ̀ ni Atiro, ológbò aláwọ̀ eérú tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tó ń fi iná orí ìrù rẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù nínú òkùnkùn. Bí mo bá ní ìwé ogún ni wọ́n kọ, ẹ yọ mẹ́tàlá kúrò. Àwọn obìnrin yàrá ìránṣọ ń tò láti kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà dé wọ́ọ̀dù, aláìsàn kan sì kọ̀ láti lọ sílé àfi tó bá kà á tán. Aláìsàn náà wà lóòótọ́. Ara rẹ̀ tó ti yá ni mo fi kún un.

Orí kẹsàn-án ìwé keje ló dà wọ́n rú. Aránṣọ kọ ọ́ pé omi ìdọ̀tí ya wọ inú páìpù, Atiro sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ di ẹnu ihò náà títí gbogbo ọmọ ológbò fi kọjá. Omi gbé e lọ. Kò kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Orí àtẹ̀gùn ilé wa ni Onímítà ti kà á tán. Ó dìde, ó rọra gbé ìwé náà sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì kọ orí kẹwàá.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ó ti jẹ́ kí n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé kò tó?”

Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ní ológbò lòun pa, òun kò pa èèyàn, ìtàn ló gba bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá yan ara wọn lódì fún ọdún mẹ́fà. Èmi tí ẹnu ń yún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò rán mi kiri. Mo ní àbúrò ń béèrè orúnkún ẹ̀gbọ́n tó ń dùn ún. Mo ní ẹ̀gbọ́n lá àlá àbúrò. Ó ń lọ geere, àfi ọjọ́ tí wọ́n pàdé níbi tí àǹtí wọn ti ń ṣàìsàn, tí Aránṣọ ní, “O ṣeun tí o máa ń béèrè orúnkún mi.” Onímítà ní, “Orúnkún wo?” Àwọn méjèèjì bá yíjú wò mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Bọ̀ọ̀dá Àfikún.

Nígbà tí kíndìnrín Onímítà daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ránṣọ ni wọ́n gbé e lọ, àjà kẹta. Aránṣọ wà nísàlẹ̀, kò lè gòkè. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wò ó. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ìwé keje, ó kọ orí kẹwàá, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó jẹ́ kí Atiro yọ jáde lẹ́nu páìpù kan láàyè. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ó ní kí n kàn kà á fún un, kí n má fi ohunkóhun kún un.

Mo kà á. Onímítà di ojú, ó ń gbọ́. Ibi tí Atiro ti gbọn omi ara rẹ̀ nù ló ti bú sẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbá a mú. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní:

“Ẹ ní kó fa ewé yẹn ya. Atiro ti kú, ó sì kú dáadáa. Èmi fúnra mi kò lè pa á dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bí mi nínú láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹ ní kó máa gòkè bọ̀, orí kẹwàá ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un.”

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Aránṣọ bó ṣe wà, n kò fi iyọ̀ sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Ó ní kí n fà á ya?”

“Ó ní kí o fà á ya, àmọ́ ó ní—”

“Ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí sí nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó kù, tiyín ni.”

Mo búra. Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ mí. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, ó sì fa aṣọ mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo bá tún gòkè, pé kí Onímítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan péré, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó. Oorun ti gbé e lọ. Mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, n kò fẹ́ jí i. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó fa aṣọ bò ó lójú, ó wo èmi náà, ó sì rọra gba bírò lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni Aránṣọ tó gun àtẹ̀gùn.

Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kan ilẹ̀kùn mi, á ní kí n tún sọ ohun tí àbúrò òun sọ. Mo ń sọ ọ́ bákan náà, n kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, mo rò pé ó máa rí i pé irọ́ kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Á gbọ́ ọ dópin, á di ọwọ́ mi mú. Á ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Èèyàn rere ni yín.” Ọpẹ́ tí a máa ń dá fún ẹni tó purọ́ tù wá nínú ni.

Ìwé keje wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lẹ́yìn orí kẹsàn-án, ẹ ó rí etí ewé tó fà ya. Ó fà á ya ní tòótọ́, nítorí ìyẹn nìkan ló gbà gbọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo jẹ́ fún un.